Àyè Àpò Márùn-ún Nínú Bàṣé

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti kọ́ àbúrò mi bí èèyàn ṣe ń jókòó sójú kan di olówó ní Pobẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ àwa obìnrin bí a ṣe ń sin adìyẹ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ wọn tán, mo ra ogún adìyẹ, méjìdínlógún kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹni tó kọ́ wa ní adìyẹ mú adìyẹ kan dání wá. Ẹni tó wá kọ́ àbúrò mi ní fọ́rẹ́ẹ̀sì kò mú nǹkan kan dání ju àwòrán ọkọ̀ lọ.

Mo rí i fúnra mi. Sakété ni mo ti ń ta gàrí, ṣùgbọ́n mo lọ kí ìyá wa ní Pobẹ̀ lọ́jọ́ náà, zẹ́mìjàn, ọ̀kadà akérò, tí mo gùn sì gba iwájú gbọ̀ngàn yẹn kọjá. Mo ní kó dúró díẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló dúró níwájú àwọn èèyàn, ó ti Kútọnu wá, ṣòkòtò rẹ̀ fún débi pé n kò mọ ọ̀nà tó gbà wọ̀ ọ́. Ó ń fi àwòrán hàn wọ́n lára ògiri: ọkọ̀ pupa kan, ilé tó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ níwájú, òun fúnra rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn bí ọgbọ̀n ló jókòó, àwọn awakọ̀, àwọn olùkọ́, àwọn tó ń ta epo inú ìgò létí títì. Àbúrò mi wà láàárín wọn, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ síbi ìsìnkú, ó sì gbé kayé, ìwé àkọsílẹ̀, tuntun lé itan bí ọmọ ilé ìwé. Mo pòṣé, mo ní kí oní-zẹ́mìjàn máa lọ.

Fún ẹni tí kò bá mọ ohun tí fọ́rẹ́ẹ̀sì jẹ́: owó ìlú kan lèèyàn ń fi ra owó ìlú mìíràn, lórí pọ́tábù, ìyẹn fóònù ọwọ́. Wàá fi owó àwọn ará Japan ra dọ́là lónìí, bí dọ́là bá gbówó lórí lọ́la, wàá tà á, wàá jèrè. Ìyẹn nìkan kò burú. Àwọn tó ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà létí bọ́dà ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí oníṣòkòtò fífún yẹn. Ṣùgbọ́n tàwọn yẹn, owó wà nínú àpò, ẹ lè kà á, ẹ lè gbóòórùn rẹ̀, bí olè bá sì gbé e, ẹ ó mọ̀ pé olè ló gbé e.

Àbúrò mi yìí, ọmọ ìyá mi ni, ẹ̀yìn mi ló sì gbé dàgbà. Ogún ọdún ló ti fi wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ó wa kàmíọ̀n tó ń kó òkúta ní Onigbolo, ó wa èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì lọ sí Àjàṣẹ́, ó wa èyí tó ń kó àgbàdo. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ nínú igbó, òun ló máa sùn tì í. Bí owó bá wọlé, ọlọ́kọ̀ ló ni ín. Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà ń wá láyé ni bàṣé tirẹ̀. Bàṣé ni à ń pe ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wọ́n ń fi tapólì bo ẹrù inú rẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkaníìkì kan ní Sakété, bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ kò gbé ìwakọ̀ mọ́ ló ni ín. Mílíọ̀nù méjì àbọ̀ sẹ́fà ni bàbá náà fẹ́ gbà. Àbúrò mi ti kó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún jọ. Ọdún mẹ́fà ló fi kó o jọ, kò ra aṣọ, kò ra bàtà, bàtà tó fi ń tẹ bíréèkì ti lẹnu.

Gbogbo ọjọ́ ọjà ló máa ń lọ wo ọkọ̀ náà. Á ṣí ilẹ̀kùn, á jókòó síbi awakọ̀, á fọwọ́ nu eruku iwájú rẹ̀, á tún sọ̀ kalẹ̀. Mo máa ń fi ṣẹ̀sín. Màá bi í pé ìyàwó kejì yẹn ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ní ìfaradà ni, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè máa bú u bí mo ṣe ń bú u.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, ó wá bá mi níbi ìsọ̀ mi. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, mo ti mọ̀ pé owó ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún. Bí mo bá ti ra bàṣé yẹn, gàrí yín ni màá máa kó, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín títí gbèsè náà á fi tán."

Mo ní owó mi wà nínú gàrí, gàrí wà nínú yàrá, kọ́kọ́rọ́ yàrá wà ní ìdí mi. Bó bá fẹ́, kó dúró di ìgbà òjò tí gàrí á wọ́n.

"Oṣù mélòó nìyẹn?"

"Mẹ́rin. Bóyá márùn-ún."

"Ẹnì kan ti òdìkejì bọ́dà wá wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Jẹ́ kó wò ó. Ṣé ojú tí wọ́n fi ń wo ọkọ̀ ń gbé ọkọ̀ lọ ni? Ìwọ náà ti ń wò ó látọjọ́ yìí."

Ó dìde, ó gbọn eruku gàrí kúrò lórókún, ó dúpẹ́ bí ẹni tí mo fún lówó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló lọ jókòó sí gbọ̀ngàn.

Mo ní láti sọ bí òwò mi ṣe rí, torí ọ̀rọ̀ náà kò ní yé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ilé ní àwọn abúlé Isaba ló ń yan gàrí, wọ́n á kó o wá, ọjà á já, owó gàrí á wálẹ̀, wọ́n á máa bẹ̀ mí kí n rà á. Màá rà á. Màá dì í, màá tì í mọ́ yàrá. Bí òjò bá wá dé, tí ti àtijọ́ ti tán nílé àwọn èèyàn, tí ẹ̀gẹ́ tuntun ṣì wà nínú ilẹ̀, ìgbà yẹn ni màá ṣílẹ̀kùn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe é, òfin méjì péré ni mo sì ní. Èkíní, a kì í tajà nígbà tọ́jà bá já. A ó dúró. Gàrí tí wọ́n bá yan dáadáa kì í bàjẹ́, ohun tó bá wálẹ̀ á sì gòkè. Èkejì, ọkọ̀ tí a bá ti háyà, a kì í fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àpò kan tí kò sí níbẹ̀, o ti san owó rẹ̀. Mo ti rí obìnrin tó háyà kàmíọ̀n lọ sí Àjàṣẹ́, tó fi ìdajì rẹ̀ gbé afẹ́fẹ́. Kò sí lọ́jà mọ́ lónìí.

Òfin méjèèjì yìí ni mo fi tọ́ àbúrò mi. Láti ìgbà tó ti ń bá mi to àpò sínú ọkọ̀ lọ́mọdé ni mo ti ń kọ ọ́ sí i létí. Bó bá fi àyè ọmọ ológbò sílẹ̀ láàárín àpò méjì, màá ní kó sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ kó tún un tò.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ oníṣòkòtò fífún parí, ó gbé pọ́tábù wá fi hàn mí ní ìsọ̀. Mo ń wọn gàrí fún obìnrin kan, tọ́ngóló, abọ́ ìwọngàrí wa, wà lọ́wọ́ mi, mo ní kó máa sọ̀rọ̀, etí mi kò dí.

"Owó mi di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là nígbà tí wọ́n ṣẹ́ ẹ," ló wí. "Ṣùgbọ́n àwọn alágbàtà orí pọ́tábù á jẹ́ kí n gbé ẹrù, ìyẹn owó tí mo bá rà, tó tó ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún dọ́là."

"Ṣé ẹbí bàbá wa ni wọ́n ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé. Lẹfiyé ni wọ́n ń pè é ní Faransé, ó ní ó dà bí ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ tó bá rì sínú ẹrẹ̀: ohun tí apá rẹ kò ká, ọ̀pá á bá ọ gbé e. Tirẹ̀ jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Fún ọgọ́rùn-ún dọ́là ẹrù, dọ́là kan péré nínú owó rẹ ni wọ́n á mú sọ́dọ̀ bí ìdógò. Ìdógò yẹn ni wọ́n ń pè ní maaji. Bó o bá gbé ẹrù ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún kan nínú owó rẹ ni wọ́n á dì mú títí wàá fi tà. Èyí tí wọn kò dì mú, òun ni àyè tó kù tó o fi lè gbé ẹrù mìíràn.

Mo ní àwọn wo ló ń yá èèyàn ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tó ní láìbéèrè oníduró. Nígbà tí èmi lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfowópamọ́ ní Sakété níbí, wọ́n gba ìwé ilé, wọ́n gba oníduró méjì, wọ́n ní ọmọ mélòó ni mo bí, wọ́n sì ní ta ni yóò san án bí mo bá kú. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ bi í bóyá ó ti jẹun. Mo yínmú débi pé oníbàárà mi bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n," ló tún wí, ó na pọ́tábù sí mi. "Ibí ni wọ́n ti ń fi àyè tó kù hàn mí. Bí ọkọ̀ gan-an ni."

"Ọkọ̀ tó láyè, òfò ẹni tó háyà rẹ̀ ni," mo wí, mo sì yíjú sí gàrí mi. N kò bi í ní ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí n bi í: bí ọjà náà bá já ńkọ́? Ọgbọ̀n ọdún lọ́jà, n kò bi í. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni bí màá ṣe pa á lẹ́rìn-ín kí àwọn oníbàárà mi gbádùn.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣe é ní kékeré. Ẹrù ẹgbẹ̀rún méjì, ẹrù ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Á jèrè dọ́là mẹ́fà, á pàdánù mẹ́rin, á tún jèrè mẹ́jọ. Bó bá ti jèrè, á ra wagaṣi wá fún mi, wàrà líle àwọn Fúlàní yẹn, èyí tí wọ́n fi èèpo ọkà bàbà sọ di pupa. Mo jẹ ẹ́. Mo fi ata sí i, mo jẹ ẹ́, mo sì tún bú u lórí rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wagaṣi mẹ́rin," mo wí. "Bó o bá ń bá a lọ báyìí, bàṣé yẹn á ti dípẹtà tán kó o tó rà á. Ṣé gbogbo ohun tí ọkọ̀ ńlá tó o ń sọ gbé náà nìyí? Àyè inú rẹ̀ pọ̀ ju ẹrù lọ."

Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó wo pọ́tábù rẹ̀, ó fi sápò.

Ọjọ́ ọjà Sakété ló ṣẹlẹ̀. Mo háyà kàmíọ̀n kan, àwọn alágbàárù ń ru àpò, mo dúró ti ẹ̀yìn ọkọ̀ kí wọ́n má baà fi àyè sílẹ̀. Pọ́tábù mi dún. Àbúrò mi ni, ó wà lórí ìlà àwọn kàmíọ̀n ní Onigbolo, ó ń dúró kó kan òun láti gbẹ́rù. Ó ní òun ti ra dọ́là láàárọ̀, ẹrù igba lé àádọ́ta ẹgbẹ̀rún.

"O wá gbé e kún lónìí," mo wí. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀.

"Ó ti wálẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún sẹ́fà ti lọ nínú owó mi. Nǹkan pupa ń hàn lójú pọ́tábù, wọ́n ní kò sí àyè tó kù mọ́. Ṣé kí n tà á ni, àbí kí n dúró?"

Alágbàárù kan gbé àpò lé èjìká lódìlódì nígbà yẹn, gàrí ń dà sílẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo wá padà sórí pọ́tábù.

"Ṣé o rí mi rí kí n ta gàrí lọ́jọ́ tó bá já? Ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn? Dúró."

"Wọ́n ní bó bá tún wálẹ̀ sí i..."

"Mo ní kó o dúró. Ohun tó bá wálẹ̀ á gòkè. Ẹni bá ní sùúrù ló ń jẹ ẹ́." Mo pa pọ́tábù, mo lọ gbá gàrí tó dà sílẹ̀ jọ.

Kí oòrùn tó wọ̀ ló dé ìsọ̀ mi. Ó jókòó lórí àpò, kò kí mi. Mo bi í pé ọ̀gá fọ́rẹ́ẹ̀sì, ṣé bàṣé ti wà níta. Ó ní wọ́n ti ta dọ́là náà.

"Ta ló tà á?"

"Àwọn alágbàtà."

"Láìbi ọ́?"

"Wọn kì í bi èèyàn. Bí owó ẹni bá ti wálẹ̀ dé ìdá kan nínú márùn-ún ìdógò, ẹ̀rọ á tà á fúnra rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n gbẹ́rù ní Onigbolo ni. Mo wo pọ́tábù, ẹrù náà ò sí níbẹ̀ mọ́."

"Kí ló dé tó ò tì í mọ́ yàrá?" mo wí. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ohun tó ń dùn mí lónìí nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu mi jáde nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ìyínmú mi.

Ó wò mí, ó ní kò sí yàrá, ẹ̀gbọ́n. Mílíọ̀nù kan àbọ̀ ti lọ. Ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ló kù.

Mo wá bú u. Kò sí orúkọ tí n kò pè é. Mo ní òmùgọ̀, mo ní olójúkòkòrò, mo ní ọdún mẹ́fà tó fi tẹ bíréèkì pẹ̀lú bàtà tó lẹnu, ó gbé e fún àwọn tí kò mọ ojú wọn. Àwọn aládùúgbò ìsọ̀ mi gbọ́, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo ń retí kó sọ pé èmi ni mo ní kí òun dúró, mo ti pèsè èsì sílẹ̀ fún un. Kò sọ ọ́. Ó dìde, ó ní ó dàárọ̀, ẹ̀gbọ́n, ó lọ.

Ọjọ́ kẹta, dọ́là gòkè. Ó kọjá ibi tí àbúrò mi ti rà á, ó tún kọjá ibẹ̀ lọ dáadáa. Ó fi hàn mí, kò bínú, ó kàn fi hàn mí. Ìmọ̀ràn mi kò parọ́ rárá: ohun tó wálẹ̀ gòkè. Kò kàn sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ni.

Mo ní kó fi kayé rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo ka ìwé mẹ́fà nílé ìwé, mo lè ka Faransé bí mo bá rọra. Ojú ìwé mẹ́tàlá ni wọ́n fi kọ nípa ọkàn ẹni tó fẹ́ di olówó, bó ṣe gbọ́dọ̀ máa jí ní kùtùkùtù, bó ṣe gbọ́dọ̀ sá fún àwọn ọ̀rẹ́ tálákà. Èèyàn tó ti ń jí ní aago mẹ́rin láti lọ to ìlà fún òkúta, òun ni wọ́n wá kọ́ ní kùtùkùtù. Ìlà márùn-ún péré, ní ìparí, ni wọ́n fi kọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè iye tó lè nù tí wàá ṣì sùn. Lẹ́yìn náà, bi ara rẹ léèrè ibi tí ọjà lè já dé kó o tó gbà pé o ṣìṣe. Ìgbà yẹn ni wàá tó mọ ìwọ̀n ẹrù tí wàá gbé. Àbúrò mi ní nígbà tí olùkọ́ ń pe ibẹ̀ fún wọn, àwọn èèyàn ti ń dìde, wọ́n ń bá a ya fọ́tò.

Mo mú ẹfun tí mo fi ń sàmì sára àpò, mo ṣírò rẹ̀ sára ògiri yàrá gàrí. Mo pe ẹgbẹ̀rún dọ́là kan ní àpò kan kó lè yé mi. Owó àpò mẹ́ta ló ní, àádọ́ta lé nígba àpò ló gbé. Bí owó àpò kọ̀ọ̀kan bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, àpò méjì àbọ̀ ti lọ nínú mẹ́ta rẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Gàrí máa ń fi jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, n kò sì ní mọ̀, torí gàrí tèmi ni, mo fi owó mi rà á, kò sẹ́ni tó lè ṣílẹ̀kùn mi. Òun kò rà á. Ó fi ìdógò dì í mú ni, ìdógò náà sì ń yọ́ bí ọjà ṣe ń já. Ẹni tó gbé ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká lè dúró. Ẹni tó gbé ìwọ̀n tí ìdógò gbà á láyè láti gbé, wọn kò ní jẹ́ kó dúró.

Mo ṣe èkejì. Ká ní dọ́là ọgọ́ta nìkan ló lè fara mọ́ kó nù nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta rẹ̀, kí ọjà sì já ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yẹn náà, ẹrù ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni ì bá gbé. Àpò mẹ́fà. Àwọn ẹrù kéékèèké tó ń gbé nígbà tó ń ra wagaṣi nìyẹn, èyí tí mo fi ṣẹ̀sín. Ó ti ń ṣe é bó ṣe yẹ láìmọ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni n kò kọ sára ògiri. Bó bá tà á nígbà tó pè mí, ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ni ì bá nù, mílíọ̀nù kan àbọ̀ ì bá kù. Nítorí pé ó dúró, mílíọ̀nù kan àbọ̀ ló nù, ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ló kù. Ọ̀rọ̀ kan ló wà láàárín méjèèjì, ẹnu mi ló sì ti jáde. Mo fi aṣọ nu ògiri náà.

Ìyàwó rẹ̀ wá sí ìsọ̀ mi lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ti sunkún tán kó tó dé. Àbúrò mi wà níbẹ̀, ó ń bá mi di àpò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjà," ló wí, "ṣé kò sọ fún yín ni? Ṣé kò bi yín léèrè kó tó ṣe irú èyí?"

Mo ní kò bi mí. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń dárúkọ owó gàrí. Àbúrò mi ò gbójú sókè, ó ń fi okùn ran ẹnu àpò. Ó ní, "Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́n lójú ara mi." Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo tẹ orí ọmọ náà wọ́, n kò sì lè la ẹnu sọ ọ́ níwájú ìyàwó rẹ̀. Ojú tì mí. Ó ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹni tó wá láti òdìkejì bọ́dà ló ra bàṣé náà. Nígbà òjò, gàrí wọ́n gan-an, mo ṣílẹ̀kùn yàrá, mo jèrè tó lè ra ìdajì ọkọ̀ mìíràn. Mo ní kí àbúrò mi wá gbà á. Ó ní rárá, ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ra bàṣé ń wá awakọ̀ tó mọ ọ̀nà Sakété sí Àjàṣẹ́, ó sì ti gbà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ọkọ̀ tó wù ú ló ń wà, tó ń fọ̀, tó ń ra epo sí, tó sì ń kó owó rẹ̀ fún ẹlòmíràn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Mo háyà rẹ̀ fún gàrí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló to àpò náà, ó tò ó dáadáa, kò sí àyè ọmọ ológbò láàárín wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kún, ó dáwọ́ dúró, ó fa tapólì bò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn. Àpò márùn-ún ṣì wà nílẹ̀. Mo wo àpò, mo wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Òkè tó wà níwájú yẹn ga, ẹ̀gbọ́n," ló wí, kò wojú mi. "Òjò sì ti ba ọ̀nà jẹ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí ọkọ̀ lè fara dà á."

Ọgbọ̀n ọdún. Ká ní ẹlòmíràn ni, wọn ì bá gbọ́ ohùn mi ní Pobẹ̀. Mo ní kí alágbàárù gbé àpò márùn-ún padà sínú yàrá, mo tì í, mo sì ka owó ọkọ̀ kíkún fún àbúrò mi. Ó ka owó àpò márùn-ún jáde nínú rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Ẹ má san owó àyè yẹn. Èmi ni mo fi í sílẹ̀."

"Èmi ni mo ní kó o dúró lọ́jọ́ yẹn," mo wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ nìyẹn.

Ó fi owó náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó pa ìka mi dé e.

"Ẹ wọlé ká máa lọ, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ọjà Àjàṣẹ́ ò ní dúró dè wá."

Mo wọlé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.